Apẹ̀rẹ̀ Tí A Rán Lẹ́nu

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo ló yẹ kí ẹ dáwọ́ lé, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ mi. Pupa rúsúrúsú tí ẹ rí ní ìdí èékánná mi yìí kì í ṣe lààlì. Omi obì ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo ti fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, mo ti fi kàn-ìn-kàn-ìn ha á, kò lọ. Mo ti gbà pé inú sàréè la jọ máa lọ.

Olóbì ni mí. Kì í ṣe èyí tó ń gbé igbá kiri o. Olùtọ́jú obì ni mí: mo bó o, mo ṣà á, mo yí i, mo dì í, láti ìgbà ọmọge mi títí eékún fi kọ̀ mí sílẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ìtàn ẹni tó ṣiṣẹ́ kára tó sì di olówó, ẹ lọ bá ẹlòmíràn, tèmi kò dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ẹni tó sì jìn sí kòtò tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe jìn. Ọ̀gá mi ni.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ kò gùn. Bàbá mi mọ ọkọ Ìyá Rábì ní mọ́sálásí. Lẹ́yìn tí ọkọ náà kú, Ìyá Rábì ń wá ẹni tí yóò máa ràn án lọ́wọ́, bàbá mi sì mú mi lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Ìfọ̀. Mo kúnlẹ̀, ó wo ọwọ́ mi níwájú, ó wò ó lẹ́yìn bí ẹni ń ra iṣu, ó ní kí n lọ gé èékánná. Ó parí. Ẹ má bi mí ní iye tó ń san. Ó ń fún mi lóúnjẹ, ó sì ń dáṣọ fún mi ní Iléyá. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni. Màá máa ní “ó” fún un kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́ pọ̀ mọ́ yín lójú. Nígbà ayé rẹ̀, ta ló bí mi dáa.

Ìsọ̀ rẹ̀ wà láàárín ọ̀wọ́ ìsọ̀ olóbì tó kọjú sí ojú irin. Obì gbànja là ń tà, èyí tí àwọn Haúsá ń wá rà kó lọ sókè Ọya. Bí wọ́n bá kó o dé láti oko, a ó rẹ ẹ́ sómi kí awọ funfun ara rẹ̀ lè rọ̀, a ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó tẹ́ ẹ kó làágùn, kó tó wọ inú apẹ̀rẹ̀ tí a ti fi ewé gbòdògí tẹ́ nínú. Ọmọ tó bá ní sùúrù lè mọ ìyẹn láàárín oṣù díẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ìtọ́jú. Nígbà tí obì bá pọ̀, tó sì pọ̀kú, la máa ń rà á. A ó tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi wọ́n. Àárín ìgbà méjèèjì yẹn ni èrè olóbì wà, ibẹ̀ náà ni ikú rẹ̀ wà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ìyá Rábì pè mí síwájú apẹ̀rẹ̀ kan tó kún, ó ní, “Kí lo rí?”

Mo ní, “Obì ni, mà.”

Ó ní, “Ohun tó ń mí ni. Bí o ṣe ń mí ló ń mí. Bí o bá dé e mọ́lẹ̀, á gbóná. Bó bá gbóná, kòkòrò tó sùn nínú rẹ̀ á jí. Ní ọrọọrún, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, wàá tú u síta, wàá yí i, wàá ṣa èyí tó bá ti ní ihò kúrò, wàá pààrọ̀ ewé. Òjò ìbáà máa rọ̀, ààwẹ̀ ìbáà wà lẹ́nu rẹ, wọn ìbáà máa gbé ìyàwó wọ ilé yín. Ọjọ́ tí o bá fò ó ni o ti di olè, nítorí ohun olóhun lo bàjẹ́.”

Obìnrin náà le. Kì í na èèyàn, ì bá sì sàn kó máa nà wá. Bó bá wo apẹ̀rẹ̀ tí o ṣà tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, á da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lójú rẹ, á bá tirẹ̀ lọ. Ọjọ́ kan wà tó rí obì kan ṣoṣo tó ní ihò nínú èyí tí mo ti ṣà parí. Ó mú un, ó nu eruku ara rẹ̀ nù, ó nà án sí mi.

“Jẹ ẹ́.”

“Ìyá, kòkòrò wà nínú rẹ̀.”

“Ẹni tó máa rà á kò ní jẹ ẹ́ ni? Jẹ ẹ́.”

Mo jẹ obì, mo jẹ kòkòrò. Láti ọjọ́ náà ni ojú mi ti là sí iṣẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè mọ ihò obì kí n tó rí i, bí ìka mi bá ti kàn án lásán. Mo bínú sí i fún ìgbà pípẹ́. N kò bínú mọ́. Àwọn ọ̀gá tí ẹ ní lóde òní, tí wọ́n ń pè yín ní ọ̀rẹ́ àwọn, ẹ óò rí ohun tí ẹ máa mọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ó tún ní àṣà kan. Bó bá ń kọjá láàárín àwọn apẹ̀rẹ̀, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ikùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí abiyamọ ṣe ń fọwọ́ kan ọrùn ọmọ tó fura sí pé ara rẹ̀ gbóná. Àtẹ́lẹwọ́ yẹn kì í ṣì í. Òkìkí rẹ̀ kàn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí kì í ṣe olóbì, ìyálọ́jà aṣọ, onílé, oníbúrẹ́dì, ń ra obì sínú apẹ̀rẹ̀ ẹyọ kan tàbí méjì, tí wọ́n ń kó o wá sọ́dọ̀ rẹ̀ kó bá wọn tọ́jú títí owó á fi gun orí rẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ tutù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń lé obìnrin náà, nítorí òun ni gbogbo ìtàn yìí. Inú ilé ẹbí ọkọ rẹ̀ ló ṣì ń gbé lẹ́yìn tí ọkọ kú. Wọn kò lé e jáde. Wọ́n kàn máa ń bi í, pẹ̀lú ẹ̀rín, pé ìgbà wo ni ilé rẹ̀ ní Mòwé máa parí. Ìyá tó bí i ló fún un ní ilẹ̀ níbẹ̀, ní ìhà ibi tí wọ́n ń pè ní Lotto lónìí. Igbó kìjikìji ni nígbà náà. Èrè obì ló fi ra búlọ́ọ̀kù, èrè obì ló fi mọ ọ́n títí ó fi dé ibi tí páànù yẹ kó gùn ún. Òrùlé ló kù. Rábì, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti wọ ilé ọkọ, kò sẹ́ni tí yóò bá a ṣe é.

Bí a bá jókòó ti obì, á ní, “Mùnírà, lọ́jọ́ tí mo bá gbọ́ tí òjò ń lu páànù tèmi, màá sùn títí oòrùn á fi gun òkè.” N kò rí i rí kó sùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọ̀wọ́ ìsọ̀ wa ní òfin kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Inú ìsọ̀ ṣókùnkùn, nítorí náà ìta gbangba, níwájú oníbàárà, la ti ń ṣa obì. Bí ẹni tó ń rà bá sọ̀ kalẹ̀ nínú reluwé, ojú apẹ̀rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wò. Apẹ̀rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ ń sọ pé olówó rẹ̀ ṣe tán láti tà. Èyí tí wọ́n fi ewé bo ẹnu rẹ̀, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ńlá àti okùn rán, ń sọ pé olówó rẹ̀ yó, kò kánjú. Nígbà tí ọjà dára, kò sí wàhálà: a ń ṣí ní ọrọọrún láti ṣà, wọ́n á wá náà á, bó bá wù wá a ó tà, bí kò bá wù wá a ó tún un rán. Màlàmù Sánúsí ni oníbàárà wa àgbà. Haúsá ni, ó ti ń bá Ìyá Rábì rajà láti ayé ọkọ rẹ̀, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, kì í sì í yan èèyàn jẹ.

Ọdún kan wá dé tí òun fúnra rẹ̀ kò ra ohun púpọ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà gbá itan.

Ó ní, “Ìyá, òjò kọ̀ lọ́dọ̀ wa. Màlúù ń kú lójú ọ̀nà. Ẹni tí kò rí ọkà jẹ, kò ní wá obì.”

Iye obì já. A rò pé fún oṣù kan ni. Ó tún já. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé olówó ńlá nìkan ló ń ní àrùn ọjà tó ń wálẹ̀. Àrùn kan náà ló ṣe wá ní Ìfọ̀, nínú eruku, lórí àpótí. Ẹni tó ní àrùn náà jù ni Bàbá Ṣéyí, ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ reluwé, tó sì kó gbogbo ohun tí wọ́n fún un sínú obì ní ìsọ̀ wa. Ní gbogbo àárọ̀, á gbé àga rẹ̀ síbi tó ti lè rí ẹnu ilẹ̀kùn reluwé, á máa wo àwọn Haúsá tó bá sọ̀ kalẹ̀. Bó bá rí ẹni tó gbé àpò ńlá, á ní, “Ẹ ò rí i? Owó ló wà níbẹ̀, ọjà ti fẹ́ gbéra.” Bó bá rí ẹni tí kò gbé àpò rárá, á ní, “Owó tiẹ̀ pọ̀, ó ti rán an mọ́ inú ẹ̀wù.” Bí kò bá sí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀, á ní wọ́n ń kóra jọ ni, pé wọ́n á ya dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní gbogbo ìgbà tí iye bá tún já, á ní, “Ó ti kan ilẹ̀ báyìí. Kò síbi tó tún fẹ́ já sí.” Ilẹ̀ wo ló kàn? Ilẹ̀ yẹn jìn ju kànga lọ. A sì ń gbà á gbọ́. Àwọn obìnrin tí obì ti wọ̀ lọ́rùn tún ń rà sí i, wọ́n ní ó ti pọ̀kú, pé bó bá gbéra, èyí á san owó ìyẹn. Ìyá Rábì náà rà. Owó tó ti yà sọ́tọ̀ fún igi òrùlé ló fi rà á. Èmi náà gbà pé yóò gbéra. Lójú mi, ọjà dà bí oorun, kò sẹ́ni tó sùn tí kì í jí. N kò tíì dàgbà tó láti rántí pé àwọn kan máa ń sùn lọ.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú gan-an, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í fi wá ṣeré. Wọ́n á dé, wọ́n á wo apẹ̀rẹ̀ tí a ṣí láti ṣà, wọ́n á dá iye tó ń ti èèyàn lójú, wọ́n á ní, “Ìyá, ẹ̀yin lẹ ṣí i.” Ìyá Rábì pe gbogbo ọ̀wọ́ ìsọ̀ jọ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Ó ní, “Wọ́n ti mọ̀ pé ojú ń kán wa. Ẹni tí ojú ń kán, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gba ọjà rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rán ẹnu apẹ̀rẹ̀ wa, gbogbo wa pátá, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i títí wọn yóò fi bẹ̀ wá. Ẹ jẹ́ ká jókòó bí ẹni tó yó.”

Obìnrin kan ní, “Ọrọọrún wa ń kọ́, Ìyá Rábì?”

Gbogbo wa ń wo ọ̀gá mi, ẹni tó fún mi ní kòkòrò jẹ nítorí ihò kan.

Ó ní, “Ọrọọrún mélòó kan ni. Kò ní pẹ́ tí yóò fi gbéra.”

Gbogbo wọn gbà. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń ṣọ́ ara wa. Bí ẹnì kan bá tú okùn apẹ̀rẹ̀ kan, ìbáà ṣe láti ṣà á ni, àwọn yòókù á rò pé ó ti fẹ́ yọ́ tà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Kò sẹ́ni tó lè ṣà á nínú ìsọ̀, nítorí òkùnkùn, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó lè gbé e lọ sílé kí ojú má rí i. A rán ẹnu apẹ̀rẹ̀ títí ìka mi fi dégbò, a tò wọ́n sókè bí ògiri, a jókòó síwájú wọn, a ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Inú gbogbo wa ló ń run.

Ọrọọrún kọjá, òmíràn kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ń gbálẹ̀ nínú ìsọ̀, mo fọwọ́ ti apẹ̀rẹ̀ kan. Ó gbóná. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e bí ó ṣe kọ́ mi. Mo pè é.

“Ìyá, ẹ wá fọwọ́ kan èyí.”

Ó wá. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé e, àtẹ́lẹwọ́ tí kì í ṣì í. Mo rí ojú rẹ̀. Ó yára gbé ọwọ́ náà kúrò, ó fi nu ara ìró rẹ̀.

Ó ní, “Oòrùn ló mú un.”

Inú ìsọ̀ la wà, ẹ̀yin ọmọ mi. Oòrùn kì í dé ibẹ̀. Mo ní, “Ìyá, ẹ jẹ́ kí n tú ẹyọ kan wò, ẹyọ kan péré, màá fi ara bò ó.” Ó ní, “Ṣé o fẹ́ kí wọ́n rí wa ni? Ìwọ lo máa lọ sọ fún Bàbá Ṣéyí pé ọjà tirẹ̀ ń gbóná? Dákẹ́ ẹnu rẹ. Á gbéra.” Kò fọwọ́ kan apẹ̀rẹ̀ kankan mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Bó bá fẹ́ kọjá láàárín wọn, á kó apá méjèèjì mọ́ àyà.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Màlàmù Sánúsí sọ̀ kalẹ̀, ó sì fi díẹ̀ kún iye tó ń dá tẹ́lẹ̀. Ìròyìn ti gba ọ̀wọ́ ìsọ̀ kọjá kó tó jókòó. Bàbá Ṣéyí ń fò lórí àga rẹ̀.

Màlàmù ní, “Ìyá, mo fi kún un. Ẹ ṣí ẹyọ kan kí n rí i.”

“Kí ló dé tí ẹ fi kún un lónìí?”

“Àwọn díẹ̀ ti ń béèrè. Wọn kò tíì pọ̀.”

“Nígbà tí wọ́n bá pọ̀, ẹ padà wá.”

“Ìyá, ọkọ yín ló kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń jẹun ní Ìfọ̀ yìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ ta díẹ̀, ẹ tọ́jú díẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín sí i, ó ní, “Díẹ̀ kò lè bo ilé, Màlàmù.”

Ó lọ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yí po, iye tún ti já, ó já kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Bàbá Ṣéyí ní èyí ni ìgbẹ̀yìn, pé ọjà máa ń kọ́kọ́ lọ sẹ́yìn bí àgbò kó tó kàn. Ẹnikẹ́ni kò bá a jiyàn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan ló kù tí a ń jẹ.

Ìrètí burú. Ẹ̀yin kì í gbọ́ kí wọ́n sọ ọ́ báyìí, ṣùgbọ́n èmi rí i. Ẹni tí kò ní ìrètí ì bá ti tú apẹ̀rẹ̀, ì bá ti ta èyí tó kù, ì bá ti sunkún, ì bá sì ti lọ sùn. Ìrètí ló jókòó ti wá níbẹ̀ tó ń dì wá lọ́wọ́ mú.

Ààwẹ̀ wọlé. Nígbà tí ọdún Ìtúnu kù díẹ̀, Bàbá Ṣéyí sáré bọ̀ láti ibi reluwé lówùúrọ̀, ó di fìlà mú lọ́wọ́, kò lè sọ̀rọ̀ já gaara. Ó kàn ń nawọ́ sẹ́yìn. A bojú wò ó. Haúsá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú reluwé bí ẹni ń tú ẹ̀wà jáde nínú àpò. Òjò ti rọ̀ dáadáa lókè Ọya, ọkà ti gbó, ọdún ń bọ̀, ìyàwó tí wọn kò rí gbé láti ìgbà ọ̀dá, wọ́n fẹ́ gbé e, kò sì sí obì nílẹ̀ níbì kankan. Wọn kò tilẹ̀ náà á. Ẹni iwájú dá iye kan, ẹni ẹ̀yìn gbé e ga. N kò ní sọ iye náà. Ó tó páànù, ó tó igi, ó tó ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ó sì ku èyí tí Ìyá Rábì ì bá fi pe àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ wá jẹun ní Mòwé.

Àwọn obìnrin ń sunkún ayọ̀, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn. Màlàmù Sánúsí ya gbogbo wọn sílẹ̀, ó wá sọ́dọ̀ wa tààrà. Ìyá Rábì mú ọ̀bẹ. Ó ní òun fúnra òun lòun máa ṣí ti àkọ́kọ́. Ó ní, “Bísímílà,” ó gé okùn.

Ewé òkè ti dúdú. Ó ká a kúrò. Eruku pupa fẹ́lẹ́ kan dìde, ó bà lé iwájú ìró rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ inú apẹ̀rẹ̀ títí dé ìgúnpá, ó bù ú jáde, ohun tó bù ń dà nù láàárín ìka rẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Kòkòrò ń rìn gun ọrùn ọwọ́ rẹ̀, kò gbọ̀n wọ́n dànù.

Bàbá Ṣéyí ní, “Ti òkè nìyẹn. Ẹ wo ìsàlẹ̀.”

A da apẹ̀rẹ̀ náà sílẹ̀. Ìyẹ̀fun ni títí dé ìdí.

Ó ní, “Apẹ̀rẹ̀ kejì á dára.”

A tú ìkejì, a tú èyí tó tẹ̀ lé e. Ó ń sọ ọ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan pé èyí tó kàn á dára, títí ohùn rẹ̀ fi há. A gbọ́ bí ẹkún ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ìsọ̀ kejì wa, tó sì ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ bí wọ́n ṣe ń gé okùn. Màlàmù Sánúsí ṣí fìlà lórí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku náà.

Ìyá Rábì nìkan ni kò sunkún. Ó gbé ojú sókè, ó wo èrò tó kún ojú irin, tí wọ́n gbé owó lọ́wọ́. Ó ní, jẹ́jẹ́, “Ṣé ẹ rí i? Mo sọ fún yín pé á gbéra.”

Àwọn oníbàárà wọkọ̀ lọ sí Ṣàgámù láti wá obì mìíràn. Ó jókòó, ó fa atẹ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà. Mo jókòó tì í. A ṣà á títí di àkókò ìrun alásàrí. Nínú gbogbo ìsọ̀ yẹn, èyí tó yè kò kún igbá kékeré kan. Ó fọ̀ wọ́n, ó nù wọ́n, ó gbé wọn fún Màlàmù tí kò tíì dìde nílẹ̀, ó ní, “Ẹ fi ṣínu.”

Àwọn tó kó obì wá fún ìtọ́jú kò bá a jà. Ìyà tó wà lójú rẹ̀ ti tó ìjà. Oníbúrẹ́dì kan wí pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Inú bí mi sí òwe náà lọ́jọ́ yẹn, ó ṣì ń bí mi. A kì í ṣe ọba. Ní ti àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀, wọn kò bi í mọ́ pé ìgbà wo ni ilé Mòwé máa parí. Ìyẹn ló lé e jáde. Kí ọdún tó parí, ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Àgbàdo, sínú yàrá kan ní ilé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Kò fọwọ́ kan obì mọ́.

Èmi ń bá iṣẹ́ lọ, nítorí kò sí òmíràn tí mo mọ̀. Mo bá àwọn ẹlòmíràn ṣe é ní Ìfọ̀, lẹ́yìn náà mo dá tèmi sílẹ̀ ní Ìbàfò nígbà tí wọ́n la ọ̀nà ńlá Èkó sí Ìbàdàn, tí ọkọ̀ akẹ́rù bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ reluwé. Ewé gbòdògí lọ, ọ̀rá dé. Apẹ̀rẹ̀ lọ, àpò dé. Ẹ̀rù kòkòrò tó bà wá lọ́dún yẹn ni àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í bu oògùn apakòkòrò sí obì, ohun tí èèyàn fẹ́ fi ẹnu jẹ. Wọ́n ní kò sí ọrọọrún mọ́, kò sí pé à ń yí i. Mo bá wọn jà títí, wọ́n ní ayé ti lajú. N kò kọ́ ọmọ kankan ní iṣẹ́ náà. Ohun tí Ìyá Rábì kọ́ mi, ọ̀dọ̀ mi ló máa parí sí.

Ẹ ń bi mí ní iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe. Ẹ ṣe èyí tó bá wù yín, gbogbo rẹ̀ ló ní ọjọ́ tí yóò já lulẹ̀. Ọjà tó já kò pa obì wa kankan. Ọjọ́ tí ọ̀gá mi gbé ọwọ́ kúrò lára apẹ̀rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ sọ pé oòrùn ló mú un, ọjọ́ yẹn lobì kú. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀rù ń bà yín láti ṣí ohun yín wò, ẹ ṣí i.

Mo máa ń lọ kí i ní Àgbàdo. Ìgbà ìkẹyìn tí mo lọ, kò lè dìde mọ́. Mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀. Ó gba ọwọ́ mi, ó fi àtàǹpàkò ra ìdí èékánná mi níbi tó pupa, ó mọ̀ pé mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ó ní, “Gbànja ń kọ́? Ṣé wọ́n ń rà á?”

Lọ́dún náà, ọjà kò dára. Mo ní, “Ó ti já, Ìyá.”

Ó ní, “Á gbéra.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Á gbéra.”

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù lórí wa. Ó yí ojú sókè, ó ń tẹ́tí sí i, títí oorun fi gbé e lọ, páànù àbúrò rẹ̀ sì ni.